Ẹ Jẹ́ Kí Atẹ́gùn Rí Ọ̀nà Wọlé: Ohun Tí Ọkọ̀ Tó Hó Kọ́ Mi Lójú Ọ̀nà Emùré

Nínú oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ewé kòkó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fi ń ká kò. Èmi, màmá mi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, la jọ wà nínú ọkọ̀. Emùré-Èkìtì la ti gbéra, Adó-Èkìtì là ń lọ, nítorí pé dókítà ń retí màmá mi ní agogo méjìlá ọ̀sán fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. A ti la ìlú Ìsẹ̀ kọjá, a kọrí sí Ìkẹ́rẹ́, ni a bá kó sẹ́yìn ọkọ̀ agbégi ńlá kan tó rọra ń fà gun òkè. Kò sí àyè láti yà á sílẹ̀. Bí a ti ń wọ́ tẹ̀lé e, mo rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn ti kúrò láàárín, ó ti ń gòkè lọ. Kí n tó mọ ohun tí mo lè ṣe, èéfín funfun ti bo gíláàsì iwájú.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi ń hó nínú rédíétọ̀ bí ìgbà tí a gbé ìkòkò àmàlà kaná. Ìbẹ̀rù dókítà àti agogo tó ń lọ ló wà lọ́kàn mi. Mo mú àkísà, mo na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀, ọmọ mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ìró mi mú. Bí kì í bá ṣe ìyá elépo kan tó ń ti oko bọ̀, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ lónìí. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé: “Má ṣí i! Ìyá, má ṣí i o! Ṣé o fẹ́ bó ọmọ yìí lójú ni?” Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ọmọ náà sẹ́yìn, ó sì ní kí gbogbo wa lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọmọkùnrin òun náà, ó ní, awakọ̀ ni. Àpá omi gbígbóná kò tíì kúrò ní apá rẹ̀ títí di òní.

A jókòó síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Màmá mi ń làágùn, ó ní ojú ń ṣú òun. A kò bá dókítà mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a padà lọ ní ọjọ́ kejì, ìfúnpá rẹ̀ ti ga ju ti ìgbà tó kọjá lọ. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé n kò ní máa wa ohun tí n kò mọ bó ṣe ń mí mọ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Nínú gbogbo ooru tí epo bẹntiróòlù ń mú jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń di agbára tí ń yí táyà. Nǹkan bí ìdá kan ń bá èéfín jáde. Èyí tó kù ń wọ inú irin ẹ́ńjìnnì, omi sì ni ó ń gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n omi kò lè jẹ ooru náà tán. Atẹ́gùn ló gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí rédíétọ̀ fi ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Wilhelm Maybach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ Mercedes tó jáde ní ọdún 1901, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kódà, Volkswagen tí àwọn òbí wa ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, kò ní rédíétọ̀ rárá. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn tààrà sára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá wà ní ìwọ̀n 95 Celsius, tí atẹ́gùn ìta sì wà ní 25, àlàfo àárín wọn jẹ́ 70. Bí ooru oṣù Kẹta bá gbé atẹ́gùn dé 35, àlàfo náà di 60. Èyí ni pé rédíétọ̀ kan náà, fáànù kan náà, ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú méje agbára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Àbùkù kékeré tó fara pamọ́ nígbà ọyẹ́ kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí àwọn àgbà sọ ló ṣẹ: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Tèmi nìkan ló yàtọ̀, nítorí pé àìfẹ́ afẹ́fẹ́ ló tú àṣírí tèmi.

Àṣírí mẹ́ta lábẹ́ òkè Olóṣùnta

Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọkọ̀ mi dé Ìkẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí a ti ń wo òkè Olóṣùnta láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò mú irinṣẹ́ kankan. Ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè: “Àǹtí, ṣé orí eré ló ń gbóná ni, àbí nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ?”

Mo ní nígbà tí mo bá ń rọra lọ ni. Ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, ìsáré rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ti atẹ́gùn wọlé. Bó bá ń wọ́, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ lórí eré, ẹ wo ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Èyí tó bá ń gbóná lórí eré, ẹ wo ọ̀nà omi: bóyá inú rédíétọ̀ ti dí, tàbí ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri ti rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, tí ó sì ti bu omi kún un, ó tan ọkọ̀. Nígbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó fi bébà kan síwájú rédíétọ̀. Ó yẹ kí fáànù fa bébà náà mọ́ra. Ti tèmi fò padà sí wa! Nínú oṣù Kìn-ín-ní ni oníṣẹ́ iná kan pààrọ̀ fáànù náà fún mi, ó sì fi wáyà méjèèjì sí ipò ara wọn. Láti ìgbà náà ni fáànù ti ń fẹ́ síta, tó ń bá atẹ́gùn tí ń wọlé jà. Òtútù ọyẹ́ ló bo àṣírí rẹ̀.

Àbùkù kejì ni ike tó yẹ kó bo ẹ̀yìn rédíétọ̀, kó sì yí fáànù ká. Wọ́n ti yọ ọ́ nígbà iṣẹ́ kan, wọn kò dá a padà. Láìsí i, fáànù kì í fa atẹ́gùn gba gbogbo ara rédíétọ̀; ẹ̀gbẹ́ ló ń fà á gbà. Ó dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó ti lu: apá ń ṣiṣẹ́, iná kò jó.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ èmi fúnra mi ló wá. Nítorí èsúnsún tí ń fò nígbà òjò àkọ́rọ̀, mo ti so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí iwájú ọkọ̀. Eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Imú rẹ̀ ni mo dì.

Mo bẹ ọ̀gá náà pé kí ó kúkú yọ thermostat, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti máa ń ṣe. Ó kọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ni nǹkan náà, tí ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 82 sí 90. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, epo ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, àrùn tòótọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé

Ẹ fọ rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹ lo omi tí kò ní ipá púpọ̀, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ìdọ̀tí lè bá ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ amútutù tó wà níwájú rẹ̀, nítorí àárín àwọn méjèèjì ni ewé àti kòkòrò ti ń kó jọ. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì, iná àlékún àti gbogbo ọ̀ṣọ́ tó bá dí iwájú ọkọ̀. Ẹ rí i pé ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti èyí tó yí fáànù ká pé pérépéré. Ẹ dán fáànù wò pẹ̀lú bébà. Ẹ fi coolant tí a fi omi mímọ́ là ní ìdajì-ìdajì sínú rédíétọ̀ dípò omi odò nìkan, nítorí kì í tètè hó, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà.

Bí ó bá sì wá hó lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amútutù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀. Omi inú rédíétọ̀ tí a dé pa lè gbóná kọjá 100 láìhó, nítorí ìdérí náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ ni yóò hó tú síni lójú. Ẹ dúró, ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Ẹ má da omi tútù sára irin gbígbóná, kó má baà sán. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ máa wà á lọ bẹ́ẹ̀, top gasket lè jó, owó rẹ̀ sì ju owó fáànù lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá náà ṣe kò gbà ju ọ̀sán kan lọ: ó yí wáyà padà, ó wá ike àlòkù tó bá a mu, ó sì já nẹ́ẹ̀tì mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, mo ti gbé màmá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ìgbà mẹ́fà, abẹ́rẹ́ kò sì kúrò láàárín. Ní gbogbo ìgbà tí a bá dé òkè yẹn, màmá mi a máa wo igi tí a jókòó sí lábẹ́ rẹ̀, a sì gbàdúrà fún ìyá elépo. Ọmọ mi ló máa ń ṣe àmín.