Igi tí Ó Hù Fúnra Rẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Wa

Bí a bá gba ọ̀nà Savalou lọ sí Koko, oko kajú ni a ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. A kò bá kajú jà. Òun ni ó ń san owó iléèwé àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a gbìn sí ibi tí ìrókò, àpá àti igi òrí dúró sí rí.

Ìjọba ń ṣọ́ igbó ọba Agoua. Ní ọdún 2012, ó ṣe àṣẹ lórí ìtọ́jú igbó òrìṣà pẹ̀lú. Oko tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ onílẹ̀ ni èyí wà.

Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ro etí odò. Bí ẹ bá ń ṣán oko, ẹ dá ọmọ igi tí ó hù fúnra rẹ̀ sí: igi òrí lè pẹ́ tó ọdún 15 kí ó tó so, ta ni yóò tún dúró dè é? Ẹni tí ó gé igi igbá fún èédú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó pa owó. Ẹni tí ó dá a sí ń ṣe irú lọ́dọọdún. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ààlà oko yíká nítorí iná ìgbẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè orúkọ àwọn igi wọ̀nyí lọ́wọ́ àgbà, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ ní èdè wa àti ní Faransé.