Ìpele Ni Kí Nọ́ọ̀sì Kọ́kọ́ Béèrè, Kí Ó Tó Béèrè Owó Oṣù

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ń kọ ní Ifangni, jẹ́ ìlú àwọn Ànàgó ní ẹkùn Plateau, ó sì fara ti ààlà tó bẹ́ẹ̀ tí Ìgòlò, ẹnu ibodè rẹ̀, fi kọjú sí Ìdírókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nọ́ọ̀sì tí ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bá gbé dé irú agbègbè bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ kọ́kọ́ mọ iye owó oṣù, ṣùgbọ́n ìpele tí ilé ìwòsàn wà ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí pé òun ni ó ń pinnu irú iṣẹ́ tí yóò já lé e léjìká àti ẹni tí yóò wà nítòsí nígbà tí iṣẹ́ náà bá le.

Ìpele mẹ́ta ni ètò ìlera Benin ní. Ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga, tí ó wà ní Kútọnu tí ó sì ń jẹ́ orúkọ ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà, wà ní òkè. Àwọn ilé ìwòsàn ẹkùn, bí èyí tí ó wà ní Àjàṣẹ́ fún Ouémé àti Plateau, wà ní àárín. Ní ìsàlẹ̀ ni ohun tí Faransé ń pè ní zone sanitaire wà, ìyẹn àgbájọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ibùdó ìlera kéékèèké inú wọn ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan náà. Zone kan ni Ìfọ̀nyìn àti Sakété jọ wà.

Ní ibùdó ìlera kéékèèké, bí irú èyí tí ó wà fún Banigbé, Daagbé tàbí Tchaada, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá: òun ni ó ń yẹ aláìsàn wò, tí ó ń kọ oògùn, tí ó sì ń bá ìgbìmọ̀ ará ìlú ṣe ìṣirò owó oògùn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò sí ní Bamako ní 1987. Ní ilé ìwòsàn ńlá, dókítà ni ó ń kọ oògùn, nọ́ọ̀sì a sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ibùdó kékeré yẹ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí àti èdè tún wà níbẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ kejì kí ó sì máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì Nàìjíríà di ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Benin. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé aláìsàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé Ànàgó tàbí Ègùn ni aláìsàn fi ń sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ọmọ Yorùbá lè tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn tí ó ń sọ Ànàgó yékéyéké, kí ó má sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ń ronú láti máa gbé ní apá kan ààlà kí ó máa ṣiṣẹ́ ní apá kejì gbọ́dọ̀ rántí pé Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, àti pé ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí a ṣí Ìdírókò padà fún ọjà, yàtọ̀ sí pé owó sẹ́fà àti náírà kì í dúró lójú kan síra wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ń tú àṣírí ibi iṣẹ́ jù ni èyí: bí aboyún kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ní òru, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e, ta ni yóò gbé fóònù ní ilé ìwòsàn tí a ń gbé e lọ, ta ni yóò sì dúró ti nọ́ọ̀sì títí ọkọ̀ yóò fi dé? Ibi tí wọn kò bá ti rí èsì fún un, owó oṣù tí ó pọ̀ kò lè dí àlàfo náà.