Ọjà Tí Kì Í Dúró De Ọ̀la: Ìtàn Olùkọ́ Tí Ó Di Oníṣẹ́ Òdòdó

Bí ọmọbìnrin kan bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kétu tàbí ní Ìkòsí lónìí, tí ó sì sọ nílé pé iṣẹ́ òdòdó ni òun fẹ́ kọ́, a ti mọ èsì tí yóò gbà. Ìyá rẹ̀ yóò ní, “Ṣé òdòdó ni a ó máa sè jẹ?” Bàbá rẹ̀ yóò ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kí ó kúkú wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó da ọ̀rọ̀ ọmọ náà nù, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí òun pẹ̀lú jẹ́ olùkọ́ bí àwa, tí ó fi òdòdó jẹun, tí ó sì fi òdòdó gba oyè.

Constance Spry ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íréláǹdì ni ó gbé dàgbà. Kì í ṣe iṣẹ́ òdòdó ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àti ìtọ́jú aláìsàn ni ó kọ́, ó sì ń káàkiri láti kọ́ àwọn ará oko bí a ti ń sá fún àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tòrò. Ní 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ó mú ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá iṣẹ́ ṣe.

Ní 1921 ni ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò àwọn òtòṣì. Àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń wá sí kíláàsì ní ọjọ́ tí àyè bá gbà wọ́n. Ó kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán, ó sì fi títo òdòdó kún un. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ilé rẹ̀ dúdú, tí ó sì há, máa ń yọ̀ bí ó bá gbé òdòdó díẹ̀ lọ sílé nínú agolo. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ obìnrin náà dúró lé.

Nígbà tí ó ti lé ní ọmọ 40 ọdún, tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé, ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ní 1929 ó ṣí ìsọ̀ òdòdó kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí owó oṣù jẹ́, ẹ sì mọ àyà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó ju ìyẹn sílẹ̀ nítorí ohun tí yóò rọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ mú kí ìlú gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ tí ó ṣe sí ojú fèrèsé ilé ìtajà lọ́fínńdà kan tí ń jẹ́ Atkinsons. Ní ìgbà náà, àwọn olówó kò ka òdòdó sí bí kò bá ṣe olówó ńlá. Obìnrin yìí lọ já ìtàkùn ẹ̀bá ọgbà, irú èyí tí àgbẹ̀ ń gé dànù, ó fi òdòdó olówó iyebíye díẹ̀ sí àárín wọn, ó sì tò wọ́n sí ojú fèrèsé náà. Ńṣe ni èrò ń dúró wò ó. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ewé ọgbà ọbẹ̀ àti èso oko pọ̀ mọ́ òdòdó. Kò wá àwo olówó láti tò wọ́n sí, àwo omi ọbẹ̀ àti pánù ìyan-àkàrà tó fún un. Ó sì ń ká wáyà ilé adìẹ sínú àwo kí igi òdòdó lè dúró gírí.

Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìsọ̀ kékeré náà ti di ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ bí 70. Ní 1934 ó kọ ìwé, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ òdòdó sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ kì í gbàgbé ẹfun àti pátákó. Nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé ní 2 Okúdù 1953, òun ni ìjọba pè láti wá bójú tó òdòdó ọjọ́ náà, wọ́n sì fi oyè O.B.E. dá a lọ́lá ní ọdún yẹn. Ní 3 Ṣẹrẹ 1960 ni ó kú. Ní 1961, ọ̀gbẹ́ni David Austin sọ irú òdòdó róòsì kan ní orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé gbogbo ènìyàn gbà fún un. Ní 2004, ilé ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Design Museum pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. James Dyson, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí ayé mọ̀, ni alága ilé náà, ó sì bínú fi ipò sílẹ̀. Ó rí irú àfihàn bẹ́ẹ̀ bí ohun tí kò yẹ ilé tí a kọ́ fún ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ wò ó, ìbéèrè ìyá ọmọ ní Kétu náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń bi ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù: ṣé iṣẹ́ ni èyí?

Ìdáhùn tèmi ni pé iṣẹ́ ni, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ará Mile 12 yẹ kí ó yé ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ni oníṣẹ́ òdòdó ń tà? Ohun tí ń kú lọ ni. Kí ni alátà àti alátòmátì ń tà? Ohun tí ń kú lọ náà ni. Ẹni tí ó ti ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti inú ọkọ̀ Òkè Ọya ní ìdájí, tí ó ń fi ọwọ́ ṣa èyí tí ó ti rà kúrò kí ó má bàa ba ìyókù jẹ́, ti mọ ìdajì iṣẹ́ òdòdó láìmọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ òdòdó wà nínú ọjà tirẹ̀.

Ohun èlò kò sì jìnnà. A ní pèrègún, a ní màrìwò, a ní imọ̀ ọ̀pẹ, ewé kókò àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. A ní òdòdó pupa tí a ń gbìn yí ilé ká. Ní ọjà wa, ata rodo pupa àti èyí tí ó dàbí wúrà, ewé kábéèjì, ọ̀pẹ òyìnbó tòun ti adé orí rẹ̀, gbogbo wọn ni ọlọ́gbọ́n lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí orí tábìlì ìyàwó.

Ẹni tí yóò bá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú. Kí ó gé òdòdó ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó sì tì í bọ omi kíákíá. Kí ó ká gbogbo ewé tí yóò wọ inú omi kúrò, nítorí wọn yóò jẹrà, wọn yóò sì ba omi náà jẹ́. Kí ó máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Kí ó má sì ṣe gbé òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí tòmátì tí ń pọ́n, nítorí èso tí ń pọ́n máa ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde tí ń mú kí òdòdó tètè rọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí o bá ra igi òdòdó 50, tí 5 sì rọ mọ́ ọ lọ́wọ́, owó 5 náà gbọ́dọ̀ wà lórí 45 tí ó kù. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó omi wà níbẹ̀, òru tí o kò fi sùn nítorí ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé náà wà níbẹ̀. Gba àsansílẹ̀ kí o tó ra nǹkan, nítorí bí wọ́n bá sún ìnáwó síwájú, òdòdó kò ní bá ọ sún un. Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá sì ní kí o fi ṣe ẹ̀bùn, rán an létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohun tí orúkọ àdúgbò wa ń sọ sí wa létí: Kòsọ́fẹ́, kò sí ọ̀fẹ́.

N kò sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ máa to òdòdó. Iṣẹ́ náà ní àdánù, ó sì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kò ní pe ènìyàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin òbí ni pé kí ẹ wo ọwọ́ ọmọ náà kí ẹ tó wí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń to àwo lọ́nà tí ojú fi ń dùn ún wò, tí kì í fi iṣẹ́ òní di ọ̀la, ẹ fi í sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé tí kò ná wa ní nǹkan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní igun kan nínú kíláàsì, àti agolo omi kan. Láti inú agolo bẹ́ẹ̀ ni ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀.