Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Bí àlejò bá wọ̀lú, ìbáà ṣe Ugbe-Àkókò, ìbáà ṣe Ìbàdàn, onílé a fún un lómi mu. Òun náà a sì kọ́kọ́ máa béèrè kí ó tó máa ròyìn.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1961, Margery Michelmore, ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn Peace Corps àkọ́kọ́ tí ó wá sí Nàìjíríà, ń gba ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ó dé tí ó fi kọ káàdì tí kò ní àpòòwé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, pé ìgbé ayé ibẹ̀ burú, pé ojú títì ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ he é, inú bí wọn, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì padà sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró.

Kò purọ́: iná wà lójú títì. Ṣùgbọ́n nídìí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń rí owó ilé-ìwé ọmọ san. Ojú nìkan kò lè sọ èyí fún àlejò. Àfi kí ó jókòó ti olóúnjẹ, kí ó kí i, kí ó sì béèrè.