Ẹ̀bi Gertrude nínú Eré Hamlet

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a sábà máa ń dá fún Gertrude, ìyá Hamlet nínú eré oníbànújẹ́ tí Shakespeare kọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò pọ̀ nínú eré náà. Ẹnu ọmọ rẹ̀ àti ẹnu ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú ni ẹ̀sùn ti ń jáde. Mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni ìpànìyàn. Claudius ni ó da májèlé sí ọba létí. Nígbà tí ó ń gbìyànjú láti gbàdúrà, ó ka ayaba mọ́ èrè tí òun tìtorí rẹ̀ pànìyàn; kò kà á mọ́ àwọn tí ó bá òun pa á. Nígbà tí Hamlet sì ka ẹ̀sùn yìí sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹnu yà á. Nínú ìwé eré náà tí a tẹ̀ ní 1603, ó tilẹ̀ búra pé òun kò mọ̀ sí i; ìbúra yìí kò sí nínú ti 1604 àti ti 1623.

Èkejì ni pé ó fẹ́ arákùnrin ọkọ rẹ̀. Níhìn-ín ni ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá ti ṣọ́ra. Láyé àtijọ́, àbúrò ọkọ lè ṣú opó, kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni lábẹ́ òfin ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ Catherine, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 1509, ìdí kan náà ni ó sì fi tú ìgbéyàwó náà ká ní 1533.

Ẹ̀kẹta ni ìkánjú. Oṣù méjì kò tíì pé tí ọkọ kú tí ó fi tún ìyàwó ṣe. Ẹ̀sùn yìí kò ní àwíjàre: opó Yorùbá pàápàá ní láti ṣe ọ̀fọ̀ tán kí a tó ṣú u, Gertrude fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ fún Claudius pé ìgbéyàwó àwọn ti yá jù.

Nígbẹ̀yìn, ó mu májèlé tí a pèsè fún ọmọ rẹ̀, ó sì fi èémí ìkẹyìn kìlọ̀ fún un. Ó jẹ̀bi àìnísùúrù. A kò rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe pé, "Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi?" bí kò ṣe pé, "Ẹ̀bi wo, lábẹ́ òfin ta ni, láti ẹnu ta ni?"