Ohun tí Omi Inú Ẹyinjú ń Sọ fún Oníṣègùn

Ojú ni ọba ara. Ó yẹ, nítorí náà, kí olúkúlùkù mọ bí àrùn àtọ̀gbẹ ti í fọ́ ojú ènìyàn láìsí ìrora, àti bí a ti lè dá a dúró.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, nínú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí à ń pè ní rẹ́tínà. Òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń ròyìn ohun tí a rí fún ọpọlọ. Omi kan tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ki bí funfun ẹyin tútù, wà níwájú rẹ̀. Omi yìí kì í ṣe omijé.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ́tínà jẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ tó mọ́, àwọn èròjà kan a máa pọ̀ sí i nínú omi náà. VEGF ni ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Interleukin-6 ni èkejì. Ó jẹ́ àmì pé ara ń bá ìpalára jà, bí ibi tí ẹ̀gún gún ti í wú tí í sì í gbóná. Àwọn iṣan tuntun náà kò lágbára, wọn a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Awọ mìíràn a hù tẹ̀lé wọn lórí rẹ́tínà. Bí awọ yìí bá ń súnkì bí awọ ẹran tí a sá sí oòrùn, ó lè fa rẹ́tínà ya kúrò ní ipò rẹ̀.

Ní 1970, ní Miami ní Amẹ́ríkà, Oníṣègùn Robert Machemer fi ọ̀nà hàn láti fa omi tí ó ti dàrú jáde kúrò nínú ojú láti ojú ihò kékeré. Ní 1994, àwọn oníṣègùn ní Boston kéde pé VEGF pọ̀ nínú omi ojú àwọn tí àtọ̀gbẹ mú iṣan tuntun hù sí lójú. Irú ìmọ̀ báyìí ni ó ṣí ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ tí ń dẹ́kun VEGF nínú ojú lónìí.

Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ máa lọ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ ń ríran kedere. Bí òpó ilẹ̀kùn bá dà bí èyí tí ó wọ́, tàbí tí àmì dúdú bí eṣinṣin bá ṣàdédé ń fò lójú, tàbí tí òjìji bá bo ojú bí aṣọ títa, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe kán omi ewé tàbí ìtọ̀ sójú: kò lè wo rẹ́tínà sàn, ṣùgbọ́n ó lè ba iwájú ojú jẹ́.