Ìwú Àgbọ̀n Ọmọdé Tí Kì Í Ṣe Akokoro

Bí eyín iwájú ọmọ ọdún mẹ́fà bá ń mì, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù. Ọmọ ń pààrọ̀ eyín ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn ni ó ń mì, tí kò ní ihò, tí ẹran ìdí rẹ̀ ń ga sókè, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń tóbi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí òbí má ṣe dúró mọ́. Jẹjẹrẹ kan wà tí í mú àwọn ọmọdé báyìí ní àgbọ̀n. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í fún ni ní àyè.

Sègede a máa wú lábẹ́ etí, a sì máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Eéwo eyín a máa gbóná, a sì máa ro ọmọ gidigidi. Egbò tí í jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn èéyi a máa rùn. Òun náà fẹ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Jẹjẹrẹ yìí kì í sábà dun ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Bí ó bá pẹ́, ó lè ti ẹyinjú síta. Ó sì lè wà nínú ikùn pẹ̀lú.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, lẹ́yìn tí ó ti rí ọmọkùnrin kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lápá òkè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ní 1961 òun àti dókítà méjì mìíràn fi ọkọ̀ rin nǹkan bí 10,000 máìlì láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé àrùn náà kì í sí ní ilẹ̀ òkè gíga tí ó tutù. Ní 1964, ní London, Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú rẹ̀. Kòkòrò náà ń bẹ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ láìṣe wọ́n ní ibi; níbi tí ibà ti ń mú ọmọ léraléra ni agbára ara láti ṣẹ́gun rẹ̀ ti ń dín kù. Òkè Ìmẹ̀sí-Ilé kò sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀fọn yóò fi sá fún un. Kí ọmọ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé yìí kan náà ni Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956, ti ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún: a ń fi òṣùwọ̀n wọn ọmọ, ìyá sì ń tọ́jú káàdì rẹ̀ nílé. Ó ṣe ni láàánú pé láti ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án ni jẹjẹrẹ yìí ń mú ọmọ jù, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń kúrò lórí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá ń run orín, kí ìyá pè é sínú ìmọ́lẹ̀, kí ó wo ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀yìn.

Kí a má ṣe fa eyín tí ń mì náà, kí a má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí ìwú náà. Ní ilé ìwòsàn, dókítà yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó sì fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Láìsí èyí, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán dá a mọ̀ dájú. Oògùn ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. A ń fa oògùn tí à ń pè ní cyclophosphamide àti àwọn mìíràn sínú iṣan. A sì ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn kí àrùn má bàa dé ọpọlọ. Ìwú náà a máa yọ́ kánkán, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí rẹ̀ lè dí kíndìnrín. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì fi ń kán omi púpọ̀ sínú iṣan ọmọ. Kí a má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ọ́.

Ọmọ tí kò rí oògùn gbà a máa kú láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tètè dé, tí wọ́n sì gba oògùn pé, ni ó yè. Wesley Guild, tí ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kò jìnnà sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè rọlẹ̀ lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a ó tún un fún ọmọ ní ìgbà mélòó kan. Kí baba béèrè gbogbo ọjọ́ ìpadàbọ̀ lọ́wọ́ dókítà, kí ó sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí wọn nínú almanaki yìí.